Eéwo Tí Àǹtí Àyọ̀ká Tẹ̀

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá ní kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí tì, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ojú mi rí nílé ọkọ mi ní Pópó Yemọja, n'Ìbàdàn.

Eéwo yọ sí mi nítan. Kò tíì lójú rárá tí Àǹtí Àyọ̀ká, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, fi ní àfi kí àwọn tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n fi orúnkún tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, wọ́n fún un tí ẹ̀jẹ̀ fi tú jáde, wọ́n tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé abiyamọ ń sunkún nítorí eéwo.

Kò pẹ́ tí ibà dé. Ara mi ń gbọ̀n, mò ń wúkọ́, mi ò lè mí dáadáa. A lọ ya fọ́tò àyà ní Bẹẹrẹ. Kàkà kí Oyèdélé ọkọ mi gbé e lọ fún dókítà, ilé ló gbé e wá. Àǹtí Àyọ̀ká nà án sí oòrùn, wọ́n rí àmì róbótó-róbótó nínú ẹ̀dọ̀fóró mi.

"Yéè! Ikọ́ fée rèé! Oyèdélé, gba ọmọ lọ́mú ẹ̀ kíá!"

Kí ni wọ́n mọ̀ nínú fọ́tò àyà? Aṣọ ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba! Síbẹ̀ ọkọ mi já Moyinolúwa gbà lọ́wọ́ mi, ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó. Wọ́n ya abọ́ mi sọ́tọ̀, wọ́n tì mí sí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Mò ń gbọ́ ẹkún ọmọ mi, omi ọmú ń rin aṣọ mi gbindin, kò sẹ́ni tó gbé e wá.

Ìgbà tí mo dákú ni wọ́n tó gbé mi dé ọsibítù. Dókítà obìnrin kan wo fọ́tò náà títí.

"Mà, ṣé ẹ ní eéwo tàbí egbò kankan láìpẹ́ yìí?"

Mo ká ìró sókè. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò. Kò sí ikọ́ fée kankan. Kòkòrò inú eéwo ló bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Òun ló ṣe àmì róbótó-róbótó yẹn.

"Ta ló tẹ eéwo yìí?" ni dókítà bèèrè. Àǹtí Àyọ̀ká tó fi gèlè bo imú lẹ́nu ọ̀nà bá dorí kodò.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù kí ara mi tó yá. Nígbà tí mo délé, mo nawọ́ sí Moyinolúwa. Ó figbe ta, ó dì mọ́ Àǹtí Àyọ̀ká lọ́rùn. Mo gbà á, mo fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọmú ti gbẹ.

"Ìyàwó, má bínú," ni Àǹtí wí, "ọmọ ni mo fẹ́ dáàbò bò."

Oyèdélé ní kí n má dá ẹ̀gbọ́n òun lóhùn. Mo dá wọn lóhùn.

"Àǹtí, mo ti gbọ́. Ẹ bá mi dá omi ọmú mi padà."