Kò Sẹ́ni Tó Farapa

"Ka ibí yìí sókè kí n gbọ́." Adélọ́lá ju ìwé náà sórí tábìlì.

Zàíd kò fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Ìbuwọ́lù Adélọ́lá, obìnrin tó ń bójú tó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ náà, nìkan ló kù kó tó gbàwé ẹ̀rí. Ìyá Zàíd tó ń ta aṣọ lọ́jà Bushrod Island ti ń sọ ní mọ́ṣáláṣí pé tísà lọmọ òun. Àmọ́ lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tó bá kọ́ àwọn ọmọ níléèwé Barnersville, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó lọ dáadáa àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó sínú ìwé náà.

"Ó yá, èmi á kà á. 'Gbogbo ọmọ ló sáré dáadáa. Kò sẹ́ni tó farapa.' Déètì òní nìyí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ ta wá ni wọ́n gbé lọ sọ́sibítù láàárọ̀ yìí?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Zàíd kò tó wákàtí mẹ́ta. Òjò ti rin pápá gbingbin, ó ní kí àwọn ọmọ sáré bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, Yusrah, yọ̀ ṣubú, apá rẹ̀ sì kán. Nínú ìdààmú yẹn, ìwé tó ti kọ láti àná ló fi sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀.

"Òpùrọ́! Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́."

"Da so all of us can do it, mà. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọjọ́ tó ṣáájú la máa ń kọ ọ́."

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ purọ́?"

"Ẹ kì í kà á!" Ohùn Zàíd le. Ó ṣí ìwé náà padà sí ọ̀sẹ̀ kẹta tó dé iléèwé náà. "Ẹ wo èyí. Òótọ́ ni mo kọ níjọ́ náà."

Adélọ́lá kà á: *Pápá máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Kí ni kí n ṣe?* Òun fúnra rẹ̀ ló fi báírò pupa kọ *Ó dára gan-an* sábẹ́ rẹ̀, tó sì buwọ́ lù ú.

Ìbínú rẹ̀ kò rọlẹ̀, àmọ́ kò rí ẹni tó máa dà á lé lórí mọ́. Ojú tì í gidigidi.

"Jókòó. Kọ bí ọmọ yẹn ṣe ṣubú. Mi ò ní buwọ́ lù ú lónìí."

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

Adélọ́lá fa bébà kan yọ, ó kọ orúkọ ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì sókè rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀: *Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Zàíd bi mí ní ìbéèrè kan. Mi ò kà á.*