Aago tó jí lọ́wọ́ Ìyábọ̀

"Gbé e dání kí o búra," Àlúkò wí. "Bíbélì nìyí, aago nìyí."

Ìyábọ̀ kò mira. Ó jókòó sórí ẹní láàárín pálọ̀, nínú aṣọ dúdú tó ti ń wọ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Olúwatìmílẹ́yìn, àbúrò Àlúkò, ti kú. Aago náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó tóbi débi pé ó ń bo ọrùn-ọwọ́ ọkùnrin, ó sì wúwo bí ọmọ ọlọ. Olúwatìmílẹ́yìn ló rà á nígbà tó ń wọ abẹ́ omi lọ tún ìdí ọkọ̀ ṣe ní èbúté Kútọnu.

Fọláṣadé, ìyàwó Àlúkò, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò wọ́n.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní ìlú Tchaourou pé Àlúkò fẹ́ràn aago. Mọ́kànlá ló ní nínú àpótí onígi oníhò méjìlá, gbogbo wọn ń dán bíi wúrà, bátìrì sì ni gbogbo wọn ń lò. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù olóògbé, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ mú ohun kan, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wọn. Àlúkò kò mú alùpùpù, kò mú oko kajú. Ọwọ́ opó ló nà sí, nítorí láti ọjọ́ ìsìnkú ni Ìyábọ̀ ti so aago ọkọ rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ ló ń gúnyán, pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ ló ń kọ ebè.

"Tonton, ẹ kó gbogbo nǹkan yòókù," Ìyábọ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Èyí nìkan ni kí ẹ fi ṣàánú mi."

"Obìnrin wo ló ń wọ aago ọkùnrin?" Àlúkò fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Aago náà tóbi ju ihò kejìlá lọ, ìdérí àpótí kò sì lè pa dé mọ́, ṣùgbọ́n inú Àlúkò dùn. Ní ọjọ́ kẹta, aago kú. Ìdí nìyẹn tí ó fi pe ẹbí jọ: ó ní Ìyábọ̀ ló fi oògùn dì í.

"Ìyàwó, bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, kí lò ń bẹ̀rù?" Bàbá Dàda, olórí ẹbí, wí.

Ìyábọ̀ gbé aago náà. Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, bí ìyá ti í nu ojú ọmọ. Ó gbé ọwọ́ kejì lé Bíbélì. "Bí mo bá ṣe ohunkóhun sí aago yìí, kí Ọlọ́run..."

Ọwọ́ aago tó tín-ín-rín jùlọ ta kìjí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Yéè! Ẹ ò rí i!" Àlúkò fò dìde. "Ó kú lọ́wọ́ mi, ó jí lọ́wọ́ ẹ̀! Ẹni tó dì í náà ló ń tú u yìí!"

"Tonton, mi ò ṣe..."

"Má pè mí ní tonton! Bóyá bí o ṣe dá ẹ̀mí àbúrò mi dúró náà nìyẹn."

Láàárín àwọn obìnrin, ẹnì kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Àjẹ́." Ìyábọ̀ wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá wo Fọláṣadé.

"Ìyálé mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Fọláṣadé wolẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti di ẹrù Ìyábọ̀ sẹ́yìn alùpùpù tí yóò gbé e lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Sanson. Wọ́n ní kí ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ló rà á. Ó bọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, aago tún kú sínú àpótí.

"Mú un lọ fún Moctar," Àlúkò sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Fi aṣọ wé e. N kò fẹ́ kí ènìyàn rí i."

Moctar, tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, mi aago tí Fọláṣadé gbé wá lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sétí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Tata, àǹtí mi, kò sí ohun tó ṣe é! Aago yìí ò ní píìlì nínú, kò lo bátìrì. Bí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń mì ló ń rí agbára. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí fún ọjọ́ méjì, ó ti sùn nìyẹn. Ẹ gbé e, á jí. Kódà bí ẹ bá so ó mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn, á máa rìn."

Fọláṣadé jókòó sórí àga Moctar láìjẹ́ pé wọ́n fi lọ̀ ọ́.

Nígbà tó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Àlúkò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ aago náà, ó sì gbọn apá rẹ̀ sókè sódò.

"Ojúlówó ni nígbà náà," ó wí.

"Bàbá Ọláyínká, ẹ jẹ́ ká lọ mú Ìyábọ̀ wálé," Fọláṣadé bẹ ọkọ rẹ̀.

"Kí n lọ sọ fún ẹbí pé èmi Àlúkò ò mọ aago? Èmi tí gbogbo ọjà ń gbé aago wá bá kí n bá wọn dá a mọ̀?"

"Àjẹ́ ni wọ́n ń pè é káàkiri."

"Ṣé èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀? Ẹnu tèmi kọ́ ló ti jáde." Ó ṣì ń wo ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. "Tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níta, ìwọ náà mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ. Lọ pọnmi fún mi. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ wẹ̀, wọ́n ní kì í bẹ̀rù omi."

Fọláṣadé pọnmi náà fún un. Lẹ́yìn náà ó lọ bá Bàbá Dàda. Bàbá náà ń run pákò lọ, ó sì gbọ́ ọ dé òpin.

"Ìyàwó wa, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ilé ti tòrò, kí la tún fẹ́ rú u sí? Ọmọdé ṣì ni. Á rí ọkọ mìíràn."

"Bàbá, ta ni yóò fẹ́ ẹni tí ẹ̀yin lé jáde bí àjẹ́?"

Bàbá Dàda tutọ́ pákò sílẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Fọláṣadé jáde sójú títì. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ṣáájú ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ní ìjọ wọn, ṣùgbọ́n lónìí kò rí àdúrà kankan gbà, àfi ohùn Ìyábọ̀ nìkan tó ń gbọ́ létí: ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí oní-sémíjàn kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò.

"Sanson," ó wí.

Ọ̀gbẹ́ni náà dá alùpùpù rẹ̀ dúró. "Ẹ ó padà lónìí, tata? Kí n dúró dè yín?"

Fọláṣadé gùn ún, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ itan.

"Mi ò tíì mọ̀," ó wí. "Máa lọ."