Omi Tí Kò Níyọ̀

Dennis, ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ fún wa, ní kí n sọ fún ọkọ mi pé iná mànàmáná ló fà á. Ó ní, "Mummy, ta ló máa jiyàn ẹ̀? Ṣebí gbogbo wa la mọ bí iná ṣe rí." Mo ní rárá. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, ẹnu mi náà ni n ó fi sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún un, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà, torí ó ń dùn mí.

Rosaline ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ̀wé fún àwọn ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò sì sí ọ̀gá tó ní láti sọ ohun kan náà fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń fi èyí yangàn gan-an.

Ọkọ mi, Adédìran, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja àti òkun ni òun ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Jayéọlá, ọmọ wa kan ṣoṣo, ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n rán ọkọ mi lọ kọ́ṣẹ́ ní Tanzania. Wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi gíláàsì bò wọ́n lójú, wọ́n ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó padà wá bá mi ní Festac kì í ṣe ẹni tó lọ. Oúnjẹ á máa tutù níwájú rẹ̀, á ṣì máa sọ̀rọ̀. Ó ní iyùn tí àwọn ọba ń so mọ́rùn yẹn, ilé ni. Ẹran kéékèèké tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ló ń kọ́ ọ. Àwọn kan á kú, àwọn mìíràn á kọ́lé tiwọn lé e lórí, títí tí yóò fi di òkìtì tó gùn ju láti ilé wa dé Badagry lọ. Ó ní inú òkìtì yẹn ni ẹja ń sá sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ. Tí iyùn bá kú, àìmọye ẹja á wá ilé tì. Mo bi í pé ṣé a ní irú rẹ̀ nítòsí ibí. Ó ní omi tiwa rú jù, ẹrẹ̀ odò pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iyùn ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó gbé òkun wá sí pálọ̀ mi. Táńkì gíláàsì ni, ó gùn jù mí lọ, ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù àwo ìyá mi wà ni wọ́n gbé e sí. Mo bínú fún odidi ọdún kan. Mo ní irú ìyà wo rèé, pé ẹja tí a kò ní sè ló máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri mi. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Dennis ló ń bá a wá àwọn iyùn náà. Dennis yìí ń gbé ní Kuje ti ẹ̀gbẹ́ Festac níbí, ó ní ìsọ̀ ẹja ọ̀ṣọ́ kan ní Agboju, inú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ló ti máa ń kó wọn dé. Ọ̀kan dà bí ọwọ́ tó la ìka sílẹ̀. Ọ̀kan wà tó máa ń mì lẹ́lẹ́ nínú omi bí ẹni ń juwọ́ sí èèyàn. Ẹja kan tí ara rẹ̀ pọ́n bí epo, tó ní ìlà funfun mẹ́ta, ni ọkọ mi ń pè ní Alága. Edé pupa kan wà pẹ̀lú, á wọ ẹnu ẹja lọ, á máa ṣa ìdọ̀tí ibẹ̀ jẹ, ẹja á sì la ẹnu sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí mo rí ìyẹn ni mo yé bínú, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un.

Oṣù Kẹwàá tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ mú un. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀ láti ọsibítù, Azeezat, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínà apá àti ẹsẹ̀ fún aláìsàn, ń wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọkọ mi ò dá a lóhùn. Á di ojú, á jẹ́ kí ara rẹ̀ rọ̀ dẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí a yí àga rẹ̀ sí táńkì ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbé apá ọ̀tún yẹn. Ó fẹ́ fi ìka tẹ̀lé Alága. Ìka ọ̀hún ò gòkè ju ìwọ̀n ìdajì orí ìka lọ, àmọ́ Azeezat fò dìde.

Ó pè mí sí kíṣínì. Ó ní, "Mummy, nǹkan yìí ló máa gbé Daddy dìde, kì í ṣe èmi. Tó bá lọ pẹ́nrẹ́n, mi ò mọ ohun tí a tún máa fi tàn wọ́n."

Mo fi Ọlọ́run jẹ́rìí lọ́jọ́ náà pé kò sí ohun tó máa ṣe táńkì yẹn níṣojú mi.

Dennis bẹ̀ mí kí òun wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. "Mummy, make I just show you, kì í pẹ́." Mo ní, "Dennis, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wò ó. O ò lè kọ́ mi ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ mi." Kì í ṣe irọ́. Mo mọ oúnjẹ wọn, mo mọ àsìkò tí iná wọn ń tàn àti èyí tó ń kú. Ní gbogbo Sátidé méjì-méjì, ọkọ mi á fa omi díẹ̀ jáde, á wá bu omi ìgò ńlá orí dìspẹ́ńsà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí omi kànga Festac pọ́n jù, á po iyọ̀ òkun sí i, á dà á padà. Mo mọ ìwọ̀n iyọ̀ náà sórí.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tó ń ṣe ní agogo márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀. Ìsìn òwúrọ̀ ni mo máa ń wà lásìkò yẹn. Ọdún mọ́kànlá, ojo ni o, ọyẹ́ ni o, mi ò sí nílé ní agogo márùn-ún ààbọ̀ rí. Ọkọ mi kì í tẹ̀lé mi lọ, mo sì ti bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi.

Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá. Ètè wa ń là, omi táńkì sì ń fà. Ní òní ìka kan, ní ọ̀la ìka kan. Mo po omi oníyọ̀, mo fi dí i. Omi òkun ló dín, omi òkun ni mo fi kún un. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?

Ìgbà yẹn ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí dìspẹ́ńsà. Tí mo bá ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dúró, á nawọ́. Mo bu omi fún un mu. Á wò mí, á mu ún. Á tún nawọ́. Mo tún bù ú. Nígbà míì á nawọ́ sí ike iyọ̀, á máa mirí, á máa mirí, itọ́ á máa dà sí i láyà. Mo ní, "Ó ṣì kù, Bàbá Jayé, iyọ̀ ò tíì tán. Ẹ má da ara yín láàmú." Mo nu itọ́ náà kúrò, mo sì bu omi fún un mu.

Edé ló kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà, iyùn tó ń juwọ́ ká ọwọ́ rẹ̀ kò, kò nà án mọ́. Èyí tó la ìka sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti orí ìka wá sísàlẹ̀. Mo ní iná tí kì í dúró ni. Mo pa fáànù yàrá wa kí agbára ínfátà tó ń gba iná pamọ́ lè tó táńkì, à ń sùn nínú ooru. Mo tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo ṣẹ́ èpè fún àwọn oníná. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹja, èmi Rosaline. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi ń lọ sókè, Azeezat ń bi mí pé kí ló ń bí Daddy nínú. Mo ní ó ń wo iyùn rẹ̀ tó ń kú ni.

Ní Oṣù Kìíní mo gbé ìgbéraga mi sílẹ̀, mo pe Dennis. Azeezat ti gbé ọkọ mi wọ yàrá lọ láti na ẹsẹ̀ rẹ̀. Dennis dé, kò tilẹ̀ tíì yọ irinṣẹ́ jáde, ó ti ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n. Ó tu ú dànù. Ó wá fi irinṣẹ́ tó ń wọn iyọ̀ wò ó, ó tún un wò.

"Mummy, kí lẹ fi ń kún un?"

Mo sọ fún un. Mo tilẹ̀ dárúkọ ìwọ̀n iyọ̀ náà, kó lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ gbé ọbẹ̀ kaná, omi ẹ̀ wá fà. Ṣé iyọ̀ bá omi lọ?"

Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń se ọbẹ̀. Kò ní láti parí ọ̀rọ̀ náà. Ọbẹ̀ tó bá gbẹ, iyọ̀ ẹ̀ á mú jù, omi lásán la fi ń là á. Gbogbo obìnrin ló mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ Adédìran.

"Omi lásán ni Daddy máa ń bù sí i," Dennis ní. "Láràárọ̀. Ife kan, ife méjì. Wọ́n ní kí Mummy tó ti church dé, àwọn á ti ṣe tán."

Mo wo dìspẹ́ńsà. Mo rí ọwọ́ òsì yẹn, bó ṣe ń nà án, bó ṣe ń tún un nà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo ti fún un ní omi tó ń bẹ̀ mí pé kí n bù sí táńkì, ó sì mu ún. Mo di gíláàsì táńkì mú.

Gbogbo wọn ló ti lọ, àfi Alága, tó dùbúlẹ̀ sí igun kan tó ń mí fẹ́kẹ́fẹ́kẹ́, àti ẹ̀là iyùn kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Dennis gé e kúrò lára èyí tó ti kú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Ó ní kí n máa fi omi lásán là á díẹ̀díẹ̀, láràárọ̀, kí iyọ̀ náà má baà lọ sílẹ̀ lójijì. Ó ní bó bá yè, ó lè tó ọdún kan kó tó gùn tó ìka. Ìgbà yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ iná fún mi.

Mo wọ yàrá lọ. Mo ní kí Azeezat fún wa láyè. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ò sì dára. Mo ní, "Bàbá Jayé, kì í ṣe iná. Èmi ni. Iyọ̀ ni mo ń bù lé iyọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ fún mi, mi ò gbọ́." Ó ń wò mí. Mo ní, "Ẹ mọ̀, àbí? Ẹ jókòó níbẹ̀, ẹ ń wò mí títí mo fi pa wọ́n tán." Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ń mu omi yẹn?" Ìyẹn ò ṣeé fi orí dáhùn. Omi jáde lójú rẹ̀, ó gbé ojú sí ògiri.

Nígbà tí a gbé e padà sí pálọ̀, ó na ọwọ́ òsì sí fèrèsé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo yé kánjú, mo bi í, mo tún un bi. Ó fẹ́ kí a yí àga òun kúrò lọ́dọ̀ táńkì. Mo yí i. Apá ọ̀tún yẹn, kò gbé e mọ́. Azeezat sọ̀rọ̀ títí, ó rọ̀ ọ́, ọkọ mi di ojú.

Mi ò lọ sí ìsìn òwúrọ̀ mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní mo ní nǹkan tí mò ń ṣe. Láràárọ̀ mo máa ń wẹ ọkọ mi, mo máa ń gbé e sórí àga, tó bá di agogo márùn-ún ààbọ̀, n ó bu omi lásán sí táńkì lẹ́yìn rẹ̀. Kì í wẹ̀yìn. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo rò pé mo ti pàdánù ọkùnrin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mí.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo gbé e jókòó tán, mo ní kí n sinmi díẹ̀ lórí àga kejì. Oorun gbé mi lọ. Ohun tó jí mi ni ariwo kan, kó, kó, kó. Mo ṣí ojú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń gbá apá àga. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní fèrèsé, kò wò mí, kò wo táńkì. Mo fẹ́ bi í pé kí ló fẹ́, ni mo bá wo agogo. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àsìkò omi táńkì ti kọjá.

Mo dìde, mo lọ bu omi náà sí i. Nígbà tó gbọ́ ìró omi, ó dáwọ́ dúró.