Omi Adìẹ Tí Nùrẹ́nì Sè

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Nùrẹ́nì ti ń se oúnjẹ fún kòkòrò àìsàn ní yàrá ìwádìí kan lápá Agbowó, ẹnikẹ́ni kò sì bú ọbẹ̀ rẹ̀ rí. Nígbà tí ìyẹ̀fun òyìnbó tí wọ́n fi ń bọ́ kòkòrò kò wọ̀lú mọ́, ní nǹkan bí ọdún 1994, òun ló bọ́ sídìí ìkòkò. Ó se ẹran, ó sẹ́ omi rẹ̀, ó po ohun tó ń mú un dì bí ẹ̀kọ mọ́ ọn, ó dà á sínú àwo pẹlẹbẹ. Kòkòrò jẹ, wọ́n yó, wọ́n bí sí i.

Fọláyọ̀, ọmọ Iléṣà tó ń kàwé gboyè níbẹ̀, ló wà nídìí kòkòrò ibà táífọ́ọ̀dù. Ó fẹ́ mọ èyí tó ń ba ìfun èèyàn jẹ́ nínú àwọn àbùdá àjogúnbá (jíìnì) kòkòrò náà. Ó wá so ohun kan tó dà bí súìṣì iná mọ́ àbùdá kan. Bí ó bá kán oògùn tẹtirasáíkìlìn bíńtín sí i, àbùdá á jí, kòkòrò á sì ní àwọ̀ aró. Bí kò bá sí oògùn, àbùdá á sùn, kòkòrò á funfun báláú.

Oṣù mẹ́rin ni súìṣì fi gbọ́ràn. Láti oṣù Kẹfà, gbogbo àwo ló ń ní àwọ̀ aró, èyí tó ní oògùn àti èyí tí kò ní.

"Súìṣì tí kì í kú, kí la fẹ́ fi ṣe?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Májẹ́kódùnmí, ọ̀gá wọn, wí. "Bí kò bá yí padà títí ọjọ́ Ẹtì, Fọláyọ̀, jáwọ́ níbẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn."

Iṣẹ́ ọdún méjì àtààbọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ ṣòfò yẹn.

"Má sunkún, ọmọ mi," ni Nùrẹ́nì wí fún un. "Ti oúnjẹ wọn, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Adìẹ tó sanra bí alága káńsù ni mo ń sè fún wọn báyìí, mi ò se màlúù mọ́."

"Ẹ ṣé, bàbá. Àwọn kòkòrò yìí ń jẹun jù mí lọ."

Lọ́jọ́rú, Nùrẹ́nì lọ ra adìẹ ní Baṣọ̀run, lọ́dọ̀ Bàdírátù tó ń sìn wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ó bá a tó ń tú kápúsù pupa-òun-yẹ́lò sínú omi adìẹ.

"Bàdírátù, kí nìyẹn?"

"Tẹtirasáíkìlìn ni. Láti ìgbà tí òjò ti dé ni mo ti ń fún wọn. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n kú kí n tó tà wọ́n fún yín ni?"

Nùrẹ́nì ṣírò rẹ̀. Adìẹ mu oògùn, òun se adìẹ, kòkòrò mu omi adìẹ. Láti oṣù Kẹfà tí òun ti fi màlúù sílẹ̀, òun gan-an ló ń tan súìṣì!

Kò ra adìẹ mọ́. Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Bódìjà, níbi tó ti fẹ́ ra ẹran màlúù, ó rò ó pé òun lè sè é wọ́ọ́rọ́wọ́, kí àwo funfun, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó mọ ìdí, ọ̀gá á ní ó ṣèèṣì ni, á sì tún dá iṣẹ́ náà dúró. Ó dé yàrá ìwádìí, ó wí gbogbo rẹ̀ fún Fọláyọ̀. Ọmọ náà dìde, ó lọ fọ àwo.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n to àwo mẹ́ta síwájú ọ̀gá. Ti omi adìẹ tó ṣẹ́kù ní àwọ̀ aró. Ti omi màlúù funfun. Ti omi màlúù tí wọ́n kán oògùn sí ní àwọ̀ aró.

"Iṣẹ́ yín ń tẹ̀síwájú," ni ọ̀gá wí. "Ta ló rídìí ẹ̀?"

"Èmi ni, sà," ni Nùrẹ́nì dáhùn. "Èmi náà ni mo bà á jẹ́."

"A gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé Fọláyọ̀. Ká kọ pé òṣìṣẹ́ kan ló ṣe é, àbí báwo, bàbá?"

"Rárá o. Ọbẹ̀ tí mo ti ń sè láti ọdún mẹ́tàlélógún wá, orúkọ mi ò wọ ìwé kankan rí. Ẹ kọ Nùrẹ́nì."

Fọláyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fa bírò yọ. "Nùrẹ́nì ta ni, bàbá?"

"Nùrẹ́nì Akínbíyìí. Kọ ọ́ kó hàn dáadáa."