Ìbéèrè Ìsàlẹ̀ Orí

Ẹ̀rọ akàwé náà kò dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́.

Ọmọbìnrin náà ti nawọ́ láti pa á. Ìbéèrè kẹjọ ló parí orí kẹta. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kà á fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn inú ẹ̀rọ ń bá a lọ: "Ìbéèrè kẹsàn-án. Ṣí àkámọ́. A, ìlọ́po méjì, yọ b kúrò. Pa àkámọ́ dé."

Ó rò pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Òwúrọ̀ yẹn ni olùkọ́ gbé e wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ onígbàjámọ̀, pẹ̀lú ìwé ìṣirò odindi nínú rẹ̀. Olùkọ́ sọ pé nínú ìdánwò ìwọlé yunifásítì tó ń bọ̀ lọ́la, ìsàlẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti máa ń mú ìbéèrè. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ka ìwé náà tán.

Ó dá ohùn náà padà sẹ́yìn. Ìbéèrè kẹsàn-án ṣì wà níbẹ̀. Ó bọ́ sí orí kẹrin, ó bọ́ sí ìkarùn-ún. Gbogbo ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wí pé "Ó parí, ọ̀jọ̀gbọ́n," ìbéèrè ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni ọkùnrin yìí ti ń ṣe ojú fún un, tó ń kàwé fún un. Bí kò bá sí oníbàárà, á nu ọwọ́, á jókòó tì í. Bí ọmọbìnrin náà bá gba ìbéèrè kan, ẹni tó wá gẹrun á gbọ́ nípa rẹ̀ dandan.

Ẹ̀gbọ́n ń sọ lọ́wọ́ fún oníbàárà kan pé ẹ̀rọ yìí ń sọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá tí ọ̀fìnkìn mú. Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde. Ọmọbìnrin náà dúró kí ilẹ̀kùn padé.

"Bùọ̀dá mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fò wọ́n?"

Ìgbálẹ̀ dúró lórí irun ilẹ̀.

"Wọ́n le. Mi ò fẹ́ kó o sunkún."

"Ṣé mo ti sunkún rí?"

Ó mí kanlẹ̀. "Èyí tó o mọ̀ yẹn náà ti tó. Ẹni bíi tìẹ, mélòó ló mọ tó bẹ́ẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà ki okùn ìgbọ́hùn ẹ̀rọ náà bọ etí. Ìbéèrè kẹsàn-án gba àkókò, ṣùgbọ́n ó rí ìdáhùn rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni wá gbọ́. Àwọn orí tó kù pọ̀, ọ̀la kò sì jìnnà.

Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, ó di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bí ìṣe wọn. Wọ́n rìn dé ìkóríta.

"Kòtò wà níwájú," ẹ̀gbọ́n wí. "Gbẹ́sẹ̀ dáadáa."

Ọmọbìnrin náà na ọ̀pá rẹ̀ síwájú. Ọ̀pá kan etí sìmẹ́ńtì, ó rì. Kòtò wà níbẹ̀ lóòótọ́, níbi tó sọ gan-an.

Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dẹ́sẹ̀ dúró. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé látọjọ́ tí wọ́n ti ń gba ọ̀nà yìí, òun kò na ọ̀pá rí tí ẹ̀gbọ́n òun bá ti sọ̀rọ̀.