Ó Ku Ojú Kan Kí Ayaba Dé

Nílé télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ariwo kọ́ ni wọ́n fi ń jà. Bí ọkọ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ gbà fẹ́nì kejì, pátákó ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá na ẹnì kejì ló ni àṣẹ. Bó bá di ọ̀mì, nǹkan á wà bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí ọdún á fi yí po. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló tún fi òfin kan kún un: ọmọ ayò tí ọwọ́ rẹ bá ti fi sílẹ̀, o ò lè gbé e padà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n ti ń bá a bọ̀. Ṣẹ́ẹ̀sì ló yan kọ́tìnì pálọ̀. Ṣẹ́ẹ̀sì ló lé ológbò jáde nílé, òun náà ló tún mú un padà lọ́dún kejì, ológbò ò kúkú mọ ẹni tí òun ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti ọ̀sán Sọ́ńdè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ológbò. Télọ̀ fẹ́ gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, obìnrin kan tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Lọ́la ló ní kó wá gbé e.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹsẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ padà, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò padà. Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na ọwọ́ náà sọ ọ́ títí, ó ní kò kú o, ẹ máa lò ó. Ọwọ́ òsì ni télọ̀ fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ọ̀tún á kàn wà lórí itan rẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fi omi lọ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́, Dẹ́rẹ́bà," ló ń wí. Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó rẹ̀, torí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà. "Maṣíìnì tí wọn ò lò, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́."

"Mi ò gbà," ni Dẹ́rẹ́bà wí, ó sì lọ gbé pátákó.

Kì í ṣe irin ló ń dùn ún. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé ọjọ́ tí maṣíìnì yẹn bá jáde lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ òun á jókòó sórí àga, kò sì ní dìde mọ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó fẹ́ràn téèpù ìwọnṣọ tó máa ń gbé kọ́rùn, àti abẹ́rẹ́ tó máa ń gún mọ́ ẹ̀wù tó bá wọ̀, tó jẹ́ pé dídì mọ́ ọn gan-an ń fẹ́ ìṣọ́ra.

Níbi tó ti ń ro èyí, tí ojú rẹ̀ ń sáré lọ síbi fèrèsé tí maṣíìnì wà lábẹ́ aṣọ, ó gbé ayaba rẹ̀, ọmọ tó lágbára jù lórí pátákó, síbi tí kò yẹ. Télọ̀ fi ọwọ́ òsì mú un, wẹ́rẹ́.

"Ayaba ti lọ o."

"Mo rí i."

"Ṣé kí n máa ká pátákó?"

"Ká kí ni? Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun ti há. Ẹni tó ti pàdánù ayaba lọ́wọ́ télọ̀, kó yáa lọ gbé omi kaná. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń wa ogójì ọmọ láràárọ̀, tí méjì ń jà, tí ẹnì kan ń bì, irú rẹ̀ kì í tètè sọ̀rètí nù. Ó ń rọra ṣe é. Ó fi ọmọ ogun kan jẹ ẹṣin, ó fi ẹṣin jẹ ọmọ ogun méjì. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hún. Nígbà tí wákàtí kan fi máa kọjá, ọba, ayaba àti ọmọ ogun kan péré ló kù sí télọ̀ lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà ní ọba, ẹṣin kan, àti ọmọ ogun kan tí ti télọ̀ dí lọ́nà.

Ibẹ̀ ló ti rántí ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra: bí wọn ò bá dojú kọ ọba rẹ, tí o ò sì rí ibì kankan gbé nǹkan kan sí mọ́, ọ̀mì ni. Háà! Ẹṣin òun tó ṣì lè rìn ló ń ba ìyẹn jẹ́. Ó sọ ẹṣin síwájú ọba télọ̀. Télọ̀ jẹ ẹ́. Dẹ́rẹ́bà sún ọba tirẹ̀ díẹ̀.

"Orí ẹ ti dàrú," ni télọ̀ wí, ó fi ayaba lé ọba Dẹ́rẹ́bà. Ọba sá wọ kọ̀rọ̀.

Télọ̀ wá rí i. Ojú rẹ̀ là. Bí ayaba bá sáré lọ dúró ti ọba Dẹ́rẹ́bà gbágbáágbá, tí ọba télọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó parí. Dẹ́rẹ́bà náà rí i. Omi lé sí i lójú. Ó di ojú, ó ń gbọ́ bí ayaba ṣe ń ha pátákó bọ̀, díẹ̀díẹ̀, kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Áà!" ni télọ̀ pariwo. "Rárá o! Ojú tó wà níwájú ni mo fẹ́ gbé e sí!"

Dẹ́rẹ́bà lajú. Ó ku ojú kan kí ayaba débi tó ń lọ. Níbi tó dúró sí, kò dojú kọ ọba. Ó kàn dí gbogbo ọ̀nà mọ́ ọn ni. Ọmọ ogun ò lè rìn. Ọba ò lè rìn. Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ló ń bá a lé eṣinṣin.

"Jẹ́ n sún un síwájú. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Àánú ṣe Dẹ́rẹ́bà. Ó fẹ́ sọ pé kó sún un. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ rèé tí gbogbo ayé ti ń ṣàánú ọkùnrin yìí, kò sì ṣe é lóore kankan.

"Ọwọ́ yín ti fi í sílẹ̀," ló wí. "Òfin yín ni. Ọ̀mì."

Ìgbà yẹn ló tó wo ibi tí ọwọ́ náà wà. Ọwọ́ òsì télọ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀tún ló wà lórí pátákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayaba.

"Bàbá," ni Dẹ́rẹ́bà pè é. "Ọwọ́ wo lẹ fi gbé e?"

Télọ̀ wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ìgbóná ayò ló mú un gbàgbé pé òun kì í lò ó mọ́. Ẹkún ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín, ó wá ń ṣe méjèèjì pọ̀.

"Kò débẹ̀," ló wí nígbà tó yá. "Ó ku ojú kan."

"Ojú kan ló kù," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn, "ọdún kan gbáko lẹ sì ní. Ẹ pe ọmọbìnrin yẹn kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu lọ́la."

Télọ̀ na ọwọ́ òsì láti tún pátákó tò. Dẹ́rẹ́bà gbá a lọ́wọ́, kò le.

"Ọwọ́ kejì."

Ọmọ ayò méjìlélọ́gbọ̀n. Télọ̀ tò wọ́n títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Méje já bọ́ sílẹ̀, Dẹ́rẹ́bà ò sì bá a ṣa ẹyọ kan.