Bọ́tìnnì Tó Ń Sún Àdéhùn

"Ta ló sọ gbogbo àwọ̀ ewé yìí di eérú?" Onígíláàsì ló ń bèèrè, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ki imú bọ inú kọ̀ǹpútà.

Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì ló ń bi. Ìyá Kàlẹ́ńdà ni gbogbo kíláàsì ń pè é, torí òun ló pilẹ̀ èrò kàlẹ́ńdà orí fóònù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí olólùfẹ́ wọn ń kàwé nílùú míì: ohun tí ọ̀kan bá kọ sí i, èkejì á rí i. Onígíláàsì ń kọ kóòdù, òun ń yà á. Àwọ̀ pupa ni tirẹ̀, àwọ̀ ewé ni ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́nà jíjìn. Òun náà ló pàṣẹ pé bí ẹnì kan bá jáde, kí àwọ̀ rẹ̀ di eérú, kó má parẹ́. Ọlọ́gbọ́n!

"Ó ti jáde," ọmọbìnrin náà dáhùn.

"Nínú kàlẹ́ńdà ni, àbí láyé ẹ?"

"Ẹnu ẹ yẹn! Méjèèjì."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Onígíláàsì.

Ó ṣí àpótí eérú tó gbẹ̀yìn nínú kàlẹ́ńdà, ọ̀rọ̀ tí kò ṣí lọ́jọ́ tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ ọ́. Bọ́tìnnì "Sún un" tó ń sún àdéhùn sí ọjọ́ míì ló ń tún yà lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn nígbà tí fóònù dún. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ojoojúmọ́ ni, irú èyí tó ti sún síwájú láìmọye ìgbà. Kò kà á. Ó tẹ bọ́tìnnì tuntun náà láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpótí náà rèé: "Jọ̀ọ́, pè mí. Wọ́n fẹ́ gbé Màámi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Èsì tó sì dé bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn ni: "Olólùfẹ́ rẹ ti sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," pẹ̀lú àwòrán ọkàn kékeré kan tí Ìyá Kàlẹ́ńdà fọwọ́ ara rẹ̀ yà.

"Màmá ẹ̀ ńkọ́?" Onígíláàsì bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

"Wọ́n jáde láàyè. Wọ́n tiẹ̀ bèèrè mi. Kó tó jáde, ó ní òun sọ fún wọn pé iṣẹ́ ló dì mí mú." Ó nu ojú. "Ó ṣì ń bò mí láṣìírí! Jọ̀ọ́, yọ bọ́tìnnì yẹn."

"Orí ẹ pé ṣá? Ọ̀la la máa fi han àwọn olùkọ́! Òun gan-an ni gbogbo àwọn tó dán an wò ń yìn."

"Mo jẹ́ kó rọrùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ àdéhùn, kó pe onítọ̀hún, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kó gbọ́ bí ohùn yẹn ṣe máa rẹ̀ sílẹ̀."

Onígíláàsì mí kanlẹ̀, ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀. "Ìwọ lo máa ṣàlàyé ẹ fún wọn o."

"Ìwọ ni. Mi ò ní sí níbẹ̀."

"Máàkì ẹ ńkọ́?"

"Kó máa lọ."

"O rò pé ó máa gbà ẹ́ padà ni?"

"Kò ní gbà mí. Màmá ẹ̀ ni mo fẹ́ lọ kí."

Ó na ọwọ́ sí kàlẹ́ńdà láti kọ ìrìn àjò náà sí i, ó rántí pé kò sẹ́ni tó máa rí i lódìkejì. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde.